Àpá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró Màmá: ṣé kí wọ́n dá methotrexate dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 62, Iléṣà ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí làkúrègbé rheumatoid ti ń bá wọn fínra. Methotrexate 15 mg lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ti ń lò fún ọdún mẹ́rin, pẹ̀lú prednisolone 5 mg lójoojúmọ́, síbẹ̀ ọrùn ọwọ́ wọn ṣì ń wú. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ni ikọ́ gbígbẹ ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, bí wọ́n bá sì gun àtẹ̀gùn, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwòrán CT sọ pé àpá wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, wọ́n kọ “UIP” sí i. FVC wọn (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n lè mí jáde) jẹ́ 68% ohun tó yẹ, DLCO (bí afẹ́fẹ́ ṣe ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀) jẹ́ 52%. Dókítà kan ní methotrexate ló ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ká jù ú nù. Èkejì ní ká má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston fẹ́ fi abẹ́rẹ́ oríkèé kan, adalimumab, ránṣẹ́. Oògùn wo ló yẹ wọ́n gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà sílẹ̀, torí àwọn ni a ó fi sọ̀rọ̀. Kò jọ pé methotrexate ló dá àpá yìí sí wọn lára. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sì ní kí ẹ̀gbọ́n yín dáwọ́ dúró lórí adalimumab. Ohun tí yóò sọ oògùn tó kàn ni bóyá ẹ̀dọ̀fóró náà dúró sójú kan tàbí ó ń lọ sílẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sì lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Rheumatoid kì í ṣe àrùn oríkèé nìkan. Bí ara ṣe ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà náà ló ṣe lè kọjú ìjà sí ẹ̀dọ̀fóró, tí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ á wá nípọn, á sì le. Ẹni tó mu sìgá rí, ọkùnrin, àgbàlagbà, àti ẹni tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ anti-CCP tàbí rheumatoid factor rẹ̀ ga gan-an ló máa ń kó sí i jù. UIP tí wọ́n kọ sí CT yẹn ni irú tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó ní rheumatoid: àpá á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àti etí ẹ̀dọ̀fóró, tó bá pẹ́, ihò wẹ́wẹ́ á kún ibẹ̀ bí afárá oyin. Àpá tó ti gbẹ kò ní oògùn tó ń ṣí i kúrò. Iṣẹ́ oògùn ni láti mú kí wíwú tó ṣì wà níbẹ̀ rọlẹ̀, kí àpá tuntun má sì tètè gbilẹ̀. Àwọn irú mìíràn, bíi NSIP àti organising pneumonia, wíwú ló pọ̀ nínú wọn ju àpá lọ, wọ́n sì máa ń gbọ́ oògùn ju UIP lọ. Ìdí nìyí tí ẹni méjì fi lè ní “rheumatoid nínú ẹ̀dọ̀fóró”, kí oògùn tó gba ọ̀kan là má sì ran èkejì lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ oògùn, ó yẹ kí wọ́n ti yọ àwọn nǹkan mìíràn kúrò lọ́nà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni kó ṣáájú: kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò pẹ̀lú GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò rẹ̀, pàápàá torí pé prednisolone lè bo àmì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n ya àwòrán ọkàn pẹ̀lú echo, torí ọkàn tó rẹ̀ náà máa ń fa mímí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ wo àpò oògùn Màmá fínnífínní: nitrofurantoin tí wọ́n ń lò fún àrùn ọ̀nà ìtọ̀ tó ń da èèyàn láàmú léraléra, àti amiodarone tí wọ́n fi ń tún lílù ọkàn ṣe, àwọn méjèèjì lè dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tún bi wọ́n bóyá omi kíkan máa ń gòkè wá sí ọ̀fun wọn lóru.

Ẹ̀sùn methotrexate

Nǹkan méjì ni àwọn èèyàn dà pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìjàm̀bá tí methotrexate ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró ní tòótọ́, níbi tí ara ti kọ oògùn náà tí ẹ̀dọ̀fóró sì wú lójijì. Kò wọ́pọ̀, kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, inú ọdún àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ibà, ikọ́ gbígbẹ àti mímí tó ń nira á dé láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá rí irú èyí, kó má lo ti ọ̀sẹ̀ yẹn mọ́, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá rí i pé methotrexate ni lóòótọ́, kò gbọdọ̀ padà sídìí rẹ̀ láé. Èkejì ni àpá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ fún oṣù àti ọdún, irú ti Màmá. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń di èyí náà ru methotrexate, ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2021, tó kó àwọn aláìsàn láti orílẹ̀-èdè mélòó kan jọ, kò rí i pé òun ló ń fà á. Ó tilẹ̀ jọ pé àpá náà máa ń pẹ́ kó tó yọjú lára àwọn tó ń lò ó.

Dókítà tó fẹ́ kúrò lórí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi o. Ìdí tó dára wà: bí ìjàm̀bá ojijì yẹn bá bá ẹni tí DLCO rẹ̀ ti wà ní 35 tàbí 40%, kò sí èémí tó ṣẹ́ kù tí yóò fi là á já. Ìdí kejì ni pé oríkèé Màmá ṣì ń wú pẹ̀lú 15 mg, èyí tó fi hàn pé oògùn náà kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀ délẹ̀. Ìlànà ACR, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà, ti 2021, gbà pé ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kéré tó sì dúró sójú kan lè lo methotrexate fún oríkèé. Ìlànà tí ACR àti CHEST, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀dọ̀fóró, ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró ní 2023 kò gbà á gẹ́gẹ́ bí oògùn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn méjèèjì kò ta ko ara wọn: oògùn oríkèé ni, kì í ṣe oògùn ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a dá a dúró láìsí ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀. Láàárín oṣù kan sí méjì, oríkèé á tún bẹ̀rẹ̀ sí wú gan-an, wọ́n á gbé prednisolone sókè sí 15 tàbí 20, àrùn míì á sì rí ọ̀nà wọlé.

Ṣé ó dúró ni àbí ó ń lọ?

Kí wọ́n tún FVC àti DLCO ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lórí ẹ̀rọ kan náà bó bá ṣeé ṣe. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá, UCH n'Ìbàdàn tàbí OAUTHC n'Ifẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Àwọn amòye gbà pé àpá ń gbilẹ̀ bí méjì bá ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́ta yìí láàárín ọdún kan: mímí burú sí i, FVC fi ó kéré tán 5 lọ sílẹ̀ nínú ìdá ọgọ́rùn-ún, bíi kó kúrò ní 68 bọ́ sí 63, tàbí DLCO fi 10 lọ sílẹ̀, CT tuntun sì fi àpá tó pọ̀ sí i hàn. Ẹ rí i pé wọ́n yẹ PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe DLCO. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, DLCO rẹ̀ á kéré pẹ̀lú, wọ́n á sì rò pé ẹ̀dọ̀fóró ló burú sí i, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò tó.

Bí nọ́ńbà bá dúró sójú kan, ẹ̀dọ̀fóró kò nílò oògùn tuntun. Oríkèé ni kí a gbájú mọ́, pẹ̀lú oògùn tí kò ní da ẹ̀dọ̀fóró láàmú. Hydroxychloroquine, tí kò ní ju 5 mg lọ fún kílò kan ìwọ̀n ara lójúmọ́, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní nǹkan kan, àmọ́ agbára rẹ̀ kéré fún oríkèé tó ń wú tó báyìí. Abatacept tàbí rituximab ni mo máa ronú sí fún Màmá. Bí nọ́ńbà bá ń lọ sílẹ̀, mycophenolate tàbí rituximab ló kàn, azathioprine sì wà lẹ́yìn wọn.

Rituximab ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ Màmá, torí pé ó ń ṣiṣẹ́ fún oríkèé àti ẹ̀dọ̀fóró lẹ́ẹ̀kan náà. 1,000 mg ni wọ́n ń fà sínú iṣan, wọ́n á tún fa 1,000 mg mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sì tún un ṣe ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú rẹ̀, wọ́n á fún wọn ní methylprednisolone 100 mg, paracetamol àti oògùn tó ń dènà kí ara kọ oògùn. Irú èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe ní àwòkọ wà, ó sì dínwó. Ohun tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni hepatitis B, tó pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ wa. Kí wọ́n ṣe HBsAg, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀, nìkan kò tó. Ẹ ní kí wọ́n fi anti-HBc kún un. Ẹni tí HBsAg rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí anti-HBc rẹ̀ fi hàn pé ó ti kó o rí, kòkòrò náà lè jí lábẹ́ rituximab, kó sì pa ẹ̀dọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ entecavir tàbí tenofovir, yóò sì máa lò ó títí di ó kéré tán oṣù 12 lẹ́yìn rituximab tó gbà kẹ́yìn. Àjẹsára pneumococcus àti ti ọ̀fìnkìn flu, kí wọ́n gbà á bí oṣù kan ṣáájú, torí lẹ́yìn rituximab, ara kì í fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí àjẹsára.

Mycophenolate jẹ́ hóró oògùn: 500 mg láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà 1 g lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àwọn kan á dé 1.5 g lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbẹ́ gbuuru ló sábà máa ń lé èèyàn sá. Kí a rọra gbé e sókè ni ọgbọ́n rẹ̀. Oògùn inú ríro tó ní magnesium tàbí aluminium kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa, ẹ fi wákàtí méjì sáàárín. Sẹ́ẹ̀lì funfun lè lọ sílẹ̀, nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á máa wáyé ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di oṣooṣù. Ó ń sọ ọmọ inú di abirùn. Obìnrin tó ṣì lè lóyún kò gbọdọ̀ lò ó láìsí ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó dájú. Àléébù rẹ̀ fún Màmá ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ ran oríkèé lọ́wọ́.

Azathioprine dínwó ju àwọn yìí lọ, aboyún sì lè lò ó. 50 mg lójúmọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé e sí nǹkan bí 2 mg fún kílò kan. Bí àyẹ̀wò TPMT, tó ń fi bí ara ṣe ń lo oògùn yìí hàn, bá ṣeé rí, kí wọ́n ṣe é ṣáájú. Bí kò bá sí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù àkọ́kọ́. Allopurinol, oògùn gout, kò gbọdọ̀ bá a pàdé lásán nínú ikùn kan náà: ó lè pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ run. Ní 2012, ìwádìí PANTHER fi hàn pé prednisolone, azathioprine àti N-acetylcysteine lápapọ̀ ń pa àwọn tó ní irú àpá UIP tí kì í ṣe ti rheumatoid kún. Rheumatoid yàtọ̀, àmọ́ ìyẹn ló jẹ́ kí n má fi azathioprine ṣáájú fún ẹni tó ní UIP.

Abatacept, 125 mg lábẹ́ awọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, dára fún oríkèé, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn sì fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ wọn dúró sójú kan lórí rẹ̀. Ìlànà 2023 kò fi í ṣáájú fún ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀, torí ẹ̀rí tó lágbára kò tíì pọ̀.

Adalimumab àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó ń dí TNF, èròjà tó ń mú ara wú, ìlànà kan náà ní ká má fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹ̀dọ̀fóró, torí ìròyìn wà pé àpá àwọn kan burú sí i lórí wọn. Wọ́n tún mọ̀ wọ́n dáadáa fún jíjí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń sùn. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá sì gba inú àpótí ẹni tó ń bọ̀ láti Houston kọjá láìsí yìnyín, ó lè ti bàjẹ́ kó tó dé Iléṣà; inú fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀. Leflunomide, oògùn oríkèé mìíràn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ pátápátá. Ó lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró tó ti ní àpá léṣe, ó sì máa ń pẹ́ nínú ara débi pé ẹni tó bá ṣe léṣe á ní láti mu cholestyramine 8 g lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ 11 kó tó jáde. Tofacitinib, hóró oògùn oríkèé, fún ẹni tó ti lé ní 50 tí ọkàn rẹ̀ kò dá a lójú, èyí tó mu sìgá rí, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń dì, mo máa fi síbi tó jìnnà.

Nintedanib àti pirfenidone ni oògùn àpá. Wọn kì í wo oríkèé rárá, wọn kì í sì mú ikọ́ lọ. Wọ́n kàn ń dín eré àpá kù ni. Ìgbà tí FVC bá ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú oògùn àkọ́kọ́ ni a ń fi ọ̀kan kún un. Nínú ìwádìí INBUILD ti 2019, àwọn tó lo nintedanib pàdánù nǹkan bí 81 ml nínú FVC lọ́dún, àwọn tí kò lò ó pàdánù nǹkan bí 188 ml. Nintedanib jẹ́ 150 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ pẹ̀lú oúnjẹ. Ìgbẹ́ gbuuru wọ́pọ̀ gan-an lórí rẹ̀: ẹ ní loperamide nílé, bó bá pọ̀, kí dókítà dín in sí 100 mg. Kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ wò lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, máa ń dín in kù nínú ẹ̀jẹ̀. Pirfenidone máa ń mú kí èébì gbé èèyàn, ó sì ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ, awọ dúdú pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì wọ́n, kódà èyí tí wọ́n ṣe ní Íńdíà. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Prednisolone 5 mg tí Màmá ń lò, kí wọ́n má dá a dúró lójijì lẹ́yìn ọdún wọ̀nyí. Díẹ̀díẹ̀ ni kí dókítà dín in kù nígbà tí oògùn tuntun bá ti mú oríkèé rọlẹ̀. Fún UIP tó dúró sójú kan, gbígbé e ga kò ní èrè. Bí ó bá dé 20 mg lójúmọ́ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà lè fẹ́ fi co-trimoxazole dènà àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ń pè ní PJP.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Co-trimoxazole yìí náà ni Septrin tí gbogbo ilé oògùn ń tà fún ikọ́ àti inú rírun. Òun àti methotrexate jọ ń dí folate, fítámínì tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, mọ́ ara. Bí wọ́n bá pàdé, egbò lè kún ẹnu, sẹ́ẹ̀lì funfun lè ṣubú láàárín ọjọ́ mélòó kan, èèyàn sì lè kú. Fansidar àti àwọn oògùn ibà tó ní sulfadoxine àti pyrimethamine ń ṣe bákan náà. Ẹ kọ ọ́ sí ara páálí methotrexate Màmá: “Kò gbọdọ̀ pàdé Septrin tàbí Fansidar.” Bí ibà bá ń ṣe wọ́n, artemether-lumefantrine kò ní irú ìjà yẹn, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń lo methotrexate síbẹ̀: “Ọjọ́ Àìkú nìkan”. Àṣìṣe tó ń ṣekú pani jù nípa oògùn yìí ni lílò ó lójoojúmọ́. Folic acid 5 mg ní ọjọ́ mìíràn.

Àgbo tó ń mú oríkèé rọ̀ lọ́sàn-án kan, ẹ fura sí i. Wọ́n ti ń bá sitẹ́rọ́ìdì nínú irú wọn. Àjẹsára ibà pọ́njú ní kòkòrò alààyè nínú, kò sì bá rituximab, mycophenolate tàbí azathioprine mu. Bí ìrìn-àjò bá béèrè káàdì rẹ̀, kí dókítà kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìka láti wo ọ́síjìn. Kí Màmá rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ rìn bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà bí agbára wọn ṣe mọ, kí ẹ sì wo nọ́ńbà nígbà tí wọ́n ṣì ń rìn, torí ó máa ń tètè gòkè padà bí wọ́n bá ti jókòó. Ìka tó tutù, làálì àti kíkùn èékánná máa ń dà á rú. Lára awọ dúdú, ẹ̀rọ náà lè kà ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà 92 tí ẹ rí lè jẹ́ 89. Bí ó bá ń já sí 88 tàbí kéré sí i nígbà tí wọ́n ń rìn, ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ti dé nìyẹn.

Bí mímí bá burú láàárín ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú ibà tàbí láìsí ibà, kí wọ́n má lo methotrexate ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú CT àti gbogbo páálí oògùn wọn. Àrùn kòkòrò, ìjàm̀bá oògùn, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ìgbéra àpá fúnra rẹ̀ jọra wọn lójú, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀ pátápátá, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè dá mọ̀ nílé.